Ọ̀rọ̀ Kan Lójúmọ́

"Màámi, ẹ jẹun ná," ni Ọlámipọ̀sí wí, ó sì ti abọ́ iyán sún mọ́ ìyá rẹ̀.

Mosúnmọ́lá wo ọmọ rẹ̀. Ìbàdàn ló ti wọ Ìlá láàárọ̀ yìí láìsọ tẹ́lẹ̀, òun àti Oyèwọlé, àbúrò Mosúnmọ́lá. Bí wọ́n ti dé ni Oyèwọlé ti gba fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Fóònù náà kò bàjẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì ń sọ níwájú rẹ̀, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ ọwọ́.

Wọn kò mọ̀ pé ó ti ń kọ́ ọ. Dáhùnsí, àkọ́bí rẹ̀, wà ní Kánádà; Ayọ̀dèjì, ọmọ Dáhùnsí, kò gbọ́ Yorùbá. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kí i lórí fóònù tí kò rí èsì fún un, ó ní kí Tèmítọ́pẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, máa kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni yóò fi lé adìyẹ, tí yóò fi kí ọlọ́kadà, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tèmítọ́pẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mosúnmọ́lá kò sọ fún Dáhùnsí. Ó fẹ́ yà á lẹ́nu bó bá wálé ní Kérésìmesì.

Oyèwọlé dárúkọ Dáhùnsí. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà sáré kọjá. Ó gbọ́ ọkọ̀. Ó gbọ́ yìnyín. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìsìnkú, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ Tèmítọ́pẹ́, kí ó lè sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣàìwá síbi tòun.

Ó gbé òkèlè mì. Ó fi omi tì í.

Ọlámipọ̀sí ń bèèrè ìgbà tí wọn yóò sọ ọ́. Oyèwọlé ní kí wọ́n jẹ́ kó jẹun tán ná. Bó bá gbọ́, kò ní fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Èyí kò ṣòro. Jẹ́ kí, jẹun, tán: ọ̀rọ̀ oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọbẹ̀ náà ò dùn ni?"

"Ó dùn."

Iyán kò kù púpọ̀ mọ́. Mosúnmọ́lá pín òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún pín in, ó kéré bí èyí tí à ń fi bọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú. Àwọn méjèèjì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ ohunkóhun nínú ilé yìí níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń jẹun.

"Ọlámipọ̀sí," ó ní, "iyán ṣì kù lódó? Bá mi bù sí i."