Ìṣirò Abẹ Mímú fún Àwọn Aṣọ́lé Tó Ti Ń Dàgbà

4.

…torí náà, ẹ jẹ́ ká fi ìfẹ́ sílẹ̀, ká mú gègé. Aksel Rautio, aṣọ́lé Ìjì, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín wa, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Nínú ọgọ́rùn-ún rọ́bà tí wọ́n gbá sí i lọ́dún tó kọjá, ó mú mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Yọ ẹyọ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ju ọgbọ̀n lọ. Yọ ẹyọ kan fún orúnkún kọ̀ọ̀kan tí dókítà ti là.

91 − 6 − 1 = 84.

Aṣọ́lé tí kò bá pé 85, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kò sí ẹgbẹ́ tó gbọ́n tí yóò bá 84 tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún mẹ́rin.

— Abẹ Mímú, lórí ìkànnì àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ Ìjì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Ènìyàn 312 gbà pé òótọ́ ni.


5.

Ìpín kìíní sí ìkẹta, mo ti ya wọ́n. Ìgbéraga ló kún inú wọn.


6.

Èmi ni Abẹ Mímú. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, àfi ìyàwó mi, Orysia, òun náà ò sì kà á sí.

Orúkọ mi gangan ni Lorne Hrycay. Mo ń ta ìṣó àti páìpù ní Ostrow Lake, ní Saskatchewan. Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ̀rọ tí mo fi ń pọ́n abẹ bàtà yìnyín, èyí tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìgbà mẹ́ta ni mo tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ìgbà mẹ́ta ni mo tò ó padà. Ìgbà kẹta ni nọ́ọ̀tì kankan ò ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Mo tún jẹ́ aṣọ́lé fún Irin Dídógùn-ún, ẹgbẹ́ họ́kì ìlú wa: èmi ni mo ń mú rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù, kó má baà wọlé. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Wọ́n ti la orúnkún mi méjèèjì.

Ẹ má tíì ṣe ìṣirò náà.


7. OHUN TÍ AṢỌ́LÉ IRIN DÍDÓGÙN-ÚN Ń GBÀ LỌ́DÚN

Owó: kò sí.

Owó ìlò pápá yìnyín tí àwọn yòókù ń dá: kì í dá a. (Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi gbogbo. Ta ló máa sanwó kí wọ́n lè máa sọ rọ́bà lù ú?)

Kọfí: ife kan lẹ́yìn ìdíje. Delbert ló ń rà á.

Ipò: ìjókòó tó sún mọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná nínú yàrá ìmúra.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn ni mo ń bá yín sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.


8.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje. Ìwọ́de ọjọ́ orílẹ̀-èdè ń kọjá níwájú wa, katakata tẹ̀ lé katakata. A ò wò ó. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwa ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí tọwọ́ bọ̀wé. Àwa mẹ́ta jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ Delbert Fehr, a tẹ orí ba sórí fóònù. Àgbẹ̀ kánólà, irúgbìn tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, ni Delbert, òun sì ni balógun ẹgbẹ́ wa. Yvon Gaudry ni ẹnì kẹta. Ó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, òun ló sì ń jókòó sórí àga ìwòran pẹ̀lú ìwé kékeré, tó ń ka gbogbo rọ́bà tí mo mú àti èyí tí mi ò mú.

YVON: Ó ti parí. Rautio. Ọdún mẹ́rin.

ÈMI: Eélòó?

YVON: Mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là lọ́dún.

ÈMI: Wọ́n ti ya wèrè.

DELBERT: Ọkùnrin kan ti kìlọ̀ fún wọn lórí ìkànnì. Abẹ Mímú. Ṣé ẹ ka ìṣirò ẹ̀?

ÈMI: Mo kà á fìrí.

DELBERT: Orí ọkùnrin yẹn pé. Iye tí òfin gbà kí ẹgbẹ́ ná lọ́dún ti kún dẹ́nu báyìí. Owó wo la tún fẹ́ fi ra ẹni tó lè jẹ góòlù? Gbogbo ẹ̀ torí arúgbó tí orúnkún ẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àká.

YVON: Rautio lò ń sọ ni, àbí Lorne?

DELBERT: Ó dáa tó o rán mi létí. Lorne, ọmọ ọdún mélòó lo dà báyìí?

ÈMI: Ẹ wo katakata pupa yẹn. Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?

DELBERT: Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀rìndínlẹ́gbẹ̀rún nǹkan. Ó ṣì ń rìn. Wọn ò kàn fi túlẹ̀ mọ́ ni.


9.

Yvon mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde.


10. ÌWÉ TÍ WỌ́N LẸ̀ MỌ́ ILẸ̀KÙN PÁPÁ YÌNYÍN, ỌJỌ́ KEJÌLÁ OṢÙ KẸJỌ

Irin Dídógùn-ún ń yan aṣọ́lé fún àsìkò tó ń bọ̀. Ìṣirò Abẹ Mímú la máa lò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojúsàájú ni.

L. Hrycay: 84 − 28 − 2 = 54.

J. Okemaysim (nọ́ọ̀sì tuntun ní kílíníkì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n): 88 − 0 − 0 = 88.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó wá bá mi.

D. Fehr, balógun.

*(Nísàlẹ̀, pẹ̀lú bírò:)* Lorne, má bínú. Ìṣirò ni. Kọfí rẹ ṣì wà.


11.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìṣirò yẹn, 80 ni mo fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe 85. Rautio yege. Mo wò ó títí. Mo rántí rọ́bà tó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ní oṣù kẹrin, tí mo fi ju odidi páì lu tẹlifíṣọ̀n. Mo wá sọ 80 di 85.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mi nìyẹn.


12. OHUN TÍ MO LÈ SỌ FÚN DELBERT

a. «Èmi ni Abẹ Mímú.» Á rẹ́rìn-ín títí di Kérésì.

b. «Abẹ Mímú ò mọ nǹkan kan.» Ó máa ní kí n fi ẹ̀rí hàn. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Ẹ wo ìpín kọkànlá.

d. Kí n dákẹ́.

Mo yan èyí tí kò sí níbẹ̀.


13. ÌKÀNNÌ ÀWỌN OLÓLÙFẸ́ ÌJÌ, ỌJỌ́ KẸRÌNLÁ OṢÙ KẸJỌ

ABẸ MÍMÚ: Àtúnṣe kékeré. Mo gbàgbé ohun kan. Ẹ fi ẹyọ kan kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí aṣọ́lé ti lò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ nílé ló mọ ibi tí òjò ti ń jò.

KÁNÓLÀ77: Rautio ti lo ọdún mẹ́sàn-án. 84 + 9 = 93. Ṣé o wá ń sọ pé àdéhùn yẹn dáa ni?

ABẸ MÍMÚ: Ó dáa.

KÁNÓLÀ77: Ọdún mẹ́rin. Mílíọ̀nù mẹ́fà.

ABẸ MÍMÚ: Ó tiẹ̀ kéré.

KÁNÓLÀ77: Ọ̀gá, ta ló rà ẹ́?

Ènìyàn mẹ́rin gbà pẹ̀lú mi. Irínwó ó lé mẹ́sàn-án bú mi. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Delbert ni Kánólà77.


14.

54 + 31 = 85.

Mo ti kà á ní ọ̀nà mẹ́fà. Ó pé.


15. TÁBÌLÌ ILÉ ÌDÁNÁ

ORYSIA: Delbert lò ń bá jà lórí fóònù yẹn. Delbert tó wà ní òdìkejì títì. Mo ń rí iná ilé ẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

ÈMI: Kò mọ̀ pé èmi ni.

ORYSIA: Dìde, lọ sọ fún un.

ÈMI: Kí n sọ kí ni?

ORYSIA: Pé o ò fẹ́ fi ìjókòó ẹ sílẹ̀. Ṣé ìyẹn náà nílò ìṣirò ni?


16.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ni Janelle Okemaysim gbé bàtà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó pè mí ní mùṣùm, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà nílé wọn. Ọ̀wọ̀ ni. Ó dùn mí wọ egungun.

JANELLE: Mùṣùm, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń pọ́n abẹ bíi tiyín.

ÈMI: Wọ́n ń tàn ẹ́ ni. Gbé e síbẹ̀.

JANELLE: Ọ̀rọ̀ aṣọ́lé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín sí mi. Àwọn ló wá bá mi. Mi ò lọ bá wọn.

ÈMI: Ṣé o ka ìṣirò ọkùnrin yẹn?

JANELLE: Mo ka méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ jọ ìṣirò. Èkejì jọ ẹ̀bẹ̀.

ÈMI: Wá gbé e lọ́jọ́ Ajé.


17. BÍ WỌ́N ṢE Ń PỌ́N ABẸ AṢỌ́LÉ, FÚN ẸNI TÓ BÁ FẸ́ MỌ̀

Abẹ bàtà yìnyín kì í ṣe ẹnu kan bíi ti ọ̀bẹ. Òkúta ẹ̀rọ ń gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹnu méjì ló sì máa kù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ga dọ́gba. Bí o bá fẹ́ dá a mọ̀, da ojú bàtà dé, kí o fi owó ẹyọ kan dábùú ẹnu méjèèjì. Bí owó náà bá tẹ́jú, ó dáa. Bí ó bá dà sí apá kan, ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa yọ̀ ní apá yẹn, kò sì ní mọ ìdí.

Mo fi owó ẹyọ sórí bàtà Janelle kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́jú bí omi inú àwo.

Mo pọ́n ọn. Mo fara balẹ̀. Mi ò ṣe àrékérekè kankan. Ẹ bi Orysia, ó wà níbẹ̀. (Kò sí níbẹ̀.)

Mo tún fi owó náà sí i.

Ó dà sí òsì.


18.

Mo gbé bàtà tèmi wá. Òsì.

Ti Delbert, tó wà lórí pẹpẹ. Òsì.

Méje mìíràn. Òsì, òsì, òsì, òsì, òsì, òsì, òsì.


19.

Ìdè kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà tó ń gbé bàtà ga tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí òkúta lè bá abẹ láàárín gan-an. Ó ti yẹ̀, kò ju ìbú irun lọ. Ìgbà tí mo tò ó padà kẹ́yìn ló yẹ̀, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìgbà tí nọ́ọ̀tì kankan ò ṣẹ́ kù, tí mo fi pe àwọn ènìyàn wá wò ó.

Ọdún mọ́kànlá ni gbogbo Ostrow Lake ti ń yọ̀ lọ sí òsì. Kò sẹ́ni tó fura. Gbogbo wa la jọ ń yọ̀.


20. LÁTINÚ ÌWÉ KÉKERÉ YVON, TÍ MO YÁ

Rọ́bà tó wọlé mọ́ Lorne lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá: 102.

Lápá ọ̀tún: 29.

Lápá òsì: 73.

*(Yvon kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́:)* Orúnkún.


21.

Mo yí ìdè náà, ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo tún bàtà Janelle pọ́n. Owó tẹ́jú.

Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tún un ṣe. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni mo fi rò ó. Mo wo aago.

Ó wá gbé e ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó fi èékánná gba ẹnu abẹ náà, ó ní, «Mùṣùm, wọn ò purọ́.»


22. FÓÒNÙ MI, ỌJỌ́ AJÉ KAN NÁÀ

DELBERT: Yìnyín ti dì. Lọ́la, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìwọ àti ọmọbìnrin yẹn, ogún rọ́bà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú jù ló ni ilé.

DELBERT: Mo ti pa ìṣirò tì. Ọkùnrin yẹn ti gbàbọ̀dè.

DELBERT: Ṣé ò ń bọ̀?


23.

Bàtà mi wà lórí tábìlì, mo da ojú rẹ̀ dé, owó ẹyọ wà lórí rẹ̀, ó dà sí òsì. Ẹ̀rọ ń yí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa gbà.

Bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, tí rọ́bà wọlé, mo mọ ohun tí mo máa dá lẹ́bi.

Bí mo bá tún un ṣe, tí rọ́bà ṣì wọlé


24.

DELBERT: Lorne?