Àgbàdo Ijọ́ Karùn-ún

"Yọwọ́ rẹ kúrò nínú àgbàdo yẹn!"

Akínṣọlá yọwọ́. Hóró mẹ́ta bọ́ láàárín ìka rẹ̀, wọ́n ta sórí sìmẹ́ńtì, adìyẹ kan sì sáré ṣà wọ́n jẹ kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò àgbàdo náà sórí ọ̀kadà láti Àpòmù wá sí Ìkirè láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí. Èjìká ṣì ń ro ó. Síbẹ̀, kò tíì jókòó dáadáa tí Morónkẹ́ fi jágbe mọ́ ọn, bí ẹni tó ká olè mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Òkúta ni mo fẹ́ bá yín ṣà kúrò, Àǹtí."

"Mo lójú, mo lọ́wọ́. Ọwọ́ ewúro kì í wọ ọtí lẹ́ẹ̀mejì."

Sheriff bú sẹ́rìn-ín, ó wá sọ ọ́ di ikọ́. Òkè, tó ni ilé, tó tún jẹ́ àbúrò Morónkẹ́, gbójú sókè, ó ń wo páànù orí ilé bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.

Àwọn mẹ́rin ló wà níwájú ilé tuntun náà, tí wọn kò tíì kùn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni Òkè yóò ṣí i. Kò fẹ́ kó jẹ́ ọtí inú ìgò ni àlejò yóò kọ́kọ́ mu nínú ilé òun. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló fẹ́, irú èyí tí ìyá wọn ń pọn nígbà ayé rẹ̀, ó sì fẹ́ kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun jọ fi ọwọ́ ara wọn pọn ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi pè wọ́n pé kí wọ́n wá dá ọjọ́.

"Èmi ò ní mu níbẹ̀ o, ẹ ti mọ̀," ni Sheriff wí. Fóònù ló ń tún ṣe ní gáréèjì, kì í sì í jẹ́ kí ìrun Jímọ̀ kọjá òun. "Ṣùgbọ́n igi ìdáná ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ò sí nínú igi."

"Ẹnu àwọn èèyàn kan ni ẹ̀ṣẹ̀ wà," ni Morónkẹ́ dá a lóhùn. Kì í ṣe Sheriff ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Akínṣọlá gbé e mì. Bí èèyàn bá ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, yóò sọ ọ́ láìfo ọjọ́ kan. Ìyá Òkè kú. Òun tó jẹ́ káfíńtà ló kan pósí rẹ̀, kò sì gba nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún ìnáwó òkú, yàrá tó ń kó pákó sí ní Àpòmù ni wọ́n sọ pé ó ṣókùnkùn, tó sì móoru tó fún àgbàdo láti hù. Wọ́n gbé e wá bá a nínú ewé. Ó wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́, ó dá a padà fún Morónkẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọtí jáde, ó korò bí egbòogi. Àwọn àlejò ń dà á sí ìdí ògiri. Bàbá arúgbó kan láti Orílẹ̀-Òwu béèrè lóhùn rara bóyá ewúro ni wọ́n fi pọn ọ́n. Láàárín èrò ni Morónkẹ́ ti na ìka sí i: "Ọwọ́ rẹ̀ ni ewúro wà!"

Orúkọ náà dé Àpòmù ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́-Ewúro. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ pákó, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nídìí ọ̀kadà. Lóṣù tó kọjá ni ọmọbìnrin rẹ̀, Olúwaṣeunfúnmi, ti ilé-ìwé dé tó bi í léèrè pé, "Dádì, kí ló dé tí wọ́n ń pè mí ní Ọmọ Ewúro?" Ìdí ìbéèrè yẹn ló ṣe wà níbí lónìí. Ó fẹ́ kí ọwọ́ òun wọ ọtí kan tí yóò dùn, kí àwọn ẹnu tó tu ti àkọ́kọ́ dà nù sì mu ún.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Akínṣọlá mọ̀ pé òun ni òun kó o. Ṣùgbọ́n òun náà kò panu mọ́. Ó ti sọ ọ́ káàkiri Àpòmù pé kò sí ohun tó ṣe àgbàdo, pé ìkòkò ló jó mọ́ Morónkẹ́ lọ́wọ́, nítorí ó fi í sílẹ̀ lórí iná, ó lọ ń bá àwọn ìyàwó ilé jà lórí aṣọ òkú.

"Ẹ jẹ́ ká ṣètò," ni Òkè wí. "Àǹtí, ẹ kà á fún wa. Sheriff, máa kọ ọ́."

Morónkẹ́ kò gbójú kúrò lórí atẹ àgbàdo tó wà lórí itan rẹ̀. Ó ń ṣa òkúta, ó ń jù ú sẹ́yìn. "Ajé tó ń bọ̀, àgbàdo á wọ omi. Ọjọ́rú, ẹ ó sẹ́ ẹ, ẹ ó dì í sínú ewé kó lè hù. Tó bá di ijọ́ karùn-ún, ẹ tú u, ẹ sá a sóòrùn. Kò gbọdọ̀ di ijọ́ kẹfà. Bó bá di ijọ́ kẹfà, ó ti ń yọ ewé nìyẹn. Ọtí rẹ̀ á korò. Bó bá gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e la ó jọ pọn ọ́n."

Sheriff tẹ fóònù rẹ̀. "Ọjọ́rú, ẹ fi ọjọ́ márùn-ún lé e... Ajé. Ọjọ́ Ajé lẹ ó tú u."

"Ajé bàbá ta? Ọjọ́ Àìkú ni."

"Àǹtí, fóònù kì í parọ́ o."

"Fóònù rẹ ti pọntí rí?"

"Sheriff ló tọ̀nà." Akínṣọlá kò mọ ìgbà tó sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń ká ìka lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn lè rí i. "Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan. Ẹtì, méjì. Àbámẹ́ta, mẹ́ta. Àìkú, mẹ́rin. Ajé, márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí fún mi nígbà yẹn. Ọjọ́rú lẹ gbé e fún mi. Márùn-ún lẹ wí, márùn-ún ni mo kà. Mi ò fi wákàtí kan lé e!"

Ọwọ́ Morónkẹ́ dúró nínú atẹ.

"Ọjọ́bọ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbo ni ẹ fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́rú tí mo gbé e fún ẹ ńkọ́? Ọjọ́rú kì í ṣe ọjọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ—"

"Ọmọ rẹ obìnrin, ọjọ́ wo ni ìyàwó rẹ bí i?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ wo lẹ sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ijọ́ mélòó nìyẹn?"

"Ijọ́ kẹjọ," ni Akínṣọlá wí. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ.

Ọkọ̀ àjàgbé kan ń ké lọ lójú títì márosẹ̀. Akínṣọlá tún ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti Ìṣẹ́gun dé Ìṣẹ́gun. Bí fóònù bá kà á, méje ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà, òun ló sọ fún pásítọ̀, òun ló lọ gba àga wá, kò sì ṣì í kà. Ta ni yóò bímọ tí yóò sọ pé ọjọ́ tí ọmọ dáyé kì í ṣe ọjọ́?

Ó wá rí ọjọ́ Àìkú ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn lójú ara rẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jókòó lórí pákó níwájú ẹrù ewé náà. Òórùn dídùn kan ń jáde níbẹ̀. Èhù funfun ti ń yọrí láàárín ewé, bí eyín ìkókó. Ó na ọwọ́ sí okùn rẹ̀, ó sì fà á padà, nítorí kò tíì pé. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé òun kì í ṣe oníwàdùwàdù. Nígbà tó tú u lọ́jọ́ Ajé, èhù ti di ewé tútù yọ̀yọ̀. Ó rò pé dáadáa ni.

"Á à," ni Sheriff wí, "ìyẹn ni pé láti ọdún mọ́kànlá yìí wá—"

"Panu dé," ni Òkè wí.

Morónkẹ́ ló tún sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò rọ̀. "Wọ́n sọ fún mi pé o bá igi lọ sí Ìbàdàn, o fi àgbàdo ìyá mi sílẹ̀."

"Ìṣẹ́gun ni mo lọ sí Ìbàdàn. Mo ti kó o fún yín kí n tó lọ."

"Mo ti gbọ́."

Kò bẹ̀ ẹ́. Akínṣọlá kò sì retí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí òun náà jẹ́wọ́. Ta ló ṣu gan-an, ta ló kó o?

"Àǹtí," ó ní, "ìkòkò yín ò jó lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀ pé kò jó. Ìwọ lo ń sọ pé ó jó." Morónkẹ́ wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Mi ò kúrò nídìí iná yẹn, Akínṣọlá. Wọ́n wá pè mí pé kí n wá wo ojú ìyá mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọtí yìí hó tán ná. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀, o ti kan ìdérí pósí mọ́ ọn."

Akínṣọlá rántí. Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wẹ̀yìn wò, kò rí Morónkẹ́. Ó bi wọ́n pé ọmọ òkú dà. Obìnrin kan fèsì pé kò ní ṣàì máa jà lórí aṣọ. Ló bá kan án.

Òkè wú ikọ́ díẹ̀. "Ta ni yóò wá máa tọ́jú àgbàdo?"

Morónkẹ́ ti atẹ kúrò lórí itan rẹ̀ sí àárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì yíjú sí ojú títì. Kò tì í sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Akínṣọlá ki ọwọ́ bọ inú àgbàdo náà. Ó tutù. Ó rí òkúta kan, ó yọ ọ́ jù nù. Kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ ọn.

"Ọjọ́rú," ó wí lábẹ́lẹ̀, ó sì ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. "Ọ̀kan."