Ki Taya Ma Rin Lori Ile

Èmi ni mo ra irin ìtúlẹ̀ náà, èmi ni mo sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ẹ̀bi fún Noah tó tà á, tàbí fún ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí n bá òun rà á.

Mákánjúọlá ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa katakata fún iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, òógùn orí katakata yẹn ni wọ́n sì fi rán mi wá kàwé ní Houston. Láti ìgbà tí mo ti dé, wọn ò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ mi rí, àfi lọ́dún tó kọjá. Àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ fi ilẹ̀ bàbá wa nítòsí Ìsẹ́yìn háyà fún àwọn olóko kaṣú. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ títí, àwọn mọ̀lẹ́bí sì fún wọn ní àsìkò òjò kan ṣoṣo. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá rí ọgọ́ta éékà náà tú, tí àgbàdo hù lórí rẹ̀, wọ́n á máa dáko níbẹ̀ lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á di ti kaṣú fún ọgbọ̀n ọdún.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ ọ̀hún. Irin ìtúlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń da yẹ̀pẹ̀ sí, òjò á sì gbá ọ̀rá ilẹ̀ lọ sódò. Èyí tó ń yí padà ni wọ́n ń fẹ́. Bí katakata bá dé ìparí oko, irin náà á dojú bolẹ̀, apá kejì rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, gbogbo yẹ̀pẹ̀ á sì máa ṣubú sí apá òkè, lálọ àti lábọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í kọ̀wé ránṣẹ́. Ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Wọ́n á kí mi, wọ́n á kí Mọ́pẹ́ ìyàwó mi, wọ́n á kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún bèèrè bóyá òtútù ti dínkù, ní Houston níbi tí oòrùn ti ń se ènìyàn bí ẹ̀wà. Kí ọ̀rọ̀ gan-an tó jáde, mo ti wakọ̀ láti Missouri City dé ẹnu géètì iṣẹ́ wa ní Pasadena. Lọ́jọ́ kan ó sú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Mi ò ní time fún voice note."

Wọ́n ní, "Ó dáa, àbúrò mi." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ìka tí katakata ti sọ di líle tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Mo tilẹ̀ yọ̀ pé ara tù mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Thursday ni mo lọ bá Noah, òyìnbó kan tó ń ta irinṣẹ́ oko lẹ́yìn ìlú. Àpótí ẹrù tí mo gba àyè nínú rẹ̀ máa gbéra lọ sí Èkó ní Saturday. Noah kọ́kọ́ bèèrè irú ilẹ̀ tó jẹ́. Mo ní ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin bí òjò bá ti rọ̀. Ó fi oríṣi irin ìyílẹ̀ méjì, apá tó ń yí yẹ̀pẹ̀ dà, hàn mí, ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀kan tí wọ́n là sí gbọọrọ gbọọrọ kí ẹrẹ̀ má baà rí ibi lẹ̀ mọ́. Mo mú èyí tí wọ́n là. Ó ní mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe, orí mi sì wú.

Ó wá bèèrè pé, "Táyà katakata ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan máa bọ́ sínú poro tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, àbí gbogbo rẹ̀ á wà lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì tú?"

Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi: wọ́n ní táyà lè máa rìn lórí ilẹ̀ tí a kò tíì tú, ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀? Èsì dé kíá: "Ki taya ma rin lori ile o. Mo be e."

Mo ní kí Noah fún mi ní ti orí ilẹ̀. Ó wò mí. "Katakata ńlá ló máa ń lò ó, èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀ ju poro lọ. Èyí tó ń ṣe méjèèjì wà, ṣùgbọ́n á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé. Kí ló dé tí o ò pè é?"

Mo ní kò sí ìdí, ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ katakata. Òótọ́ sì ni. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìwé tí mo kà ni aṣọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ni àkísà. Ìṣẹ́jú méjì ni ìpè náà ìbá gbà mí.

Nígbà tí ẹrù dé, ẹ̀gbọ́n mi tẹ ọpẹ́ àti àdúrà ránṣẹ́, wọ́n fi àwòrán irin náà sí i. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ti pọ̀ fún wọn ni.

Ní August ni Bísọ́lá ọmọ wọn dé sọ́dọ̀ wa, ó wá kàwé. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń gbé e lọ ra oúnjẹ, mo bèèrè bí irin ìtúlẹ̀ ṣe ń ṣe.

"Dádì Houston, ẹ má bínú o, but Daddy ní kí n má sọ fún yín. Kò ṣiṣẹ́. Poro ló máa ń di ẹsẹ̀ katakata mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Tí gbogbo táyà bá wà lókè, ṣe ló máa ń yọ̀ wálẹ̀. Àwọn ajórin gé e kí táyà lè bọ́ sínú poro, wọ́n tún un jó, ó tẹ̀. Éékà mọ́kànlá péré ni wọ́n rí tú kí òjò tó dé."

"Irin àtijọ́ ńkọ́?"

"Ọjọ́ tẹ́ẹ ní tuntun ti wà lórí òkun ni wọ́n ti fi ta ọ̀rẹ́ wọn lọ́rẹ. Wọn ò lè gbà á padà. Dádì, why ẹ fi ra ti orí ilẹ̀? Wọ́n ní àwọn bẹ̀ yín pé kó má rìn níbẹ̀."

Mo páàkì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí fóònù fún un. Mo kà á sókè bí mo ṣe kà á lọ́jọ́ yẹn: kí táyà máa rìn lórí ilẹ̀ o. Bísọ́lá gba fóònù lọ́wọ́ mi, òun náà kà á: kí táyà má rìn lórí ilẹ̀ o, mo bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tí "má" ṣíwájú orúkọ rẹ̀, èmi sọ "má" rẹ̀ di "máa", bí ẹni tó ń pe Mákánjúọlá ní Máakánjúọlá. Ká ní mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni, ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní ṣì í gbọ́. Èmi ni mo sì ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ sí mi mọ́. Ó dùn mí dé egungun.

Mo fi fídíò pe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀, kí a lè rí ojú ara wa. Mo fún Bísọ́lá ní fóònù, mo dọ̀bálẹ̀ sórí kọ̀ǹkéré gbígbóná, láàárín ọkọ̀ méjì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Dìde ńlẹ̀ jàre, wọ́n á ní o dákú."

Mo ní ẹ̀bi mi ni. Mo ní lọ́la ni mo máa lọ bá Noah, tó bá gba oṣù méjì tó bá gba mẹ́ta, ti inú poro á wà nílẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ tó rọ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ kíákíá, mi ò jẹ́ kí wọ́n rí àyè dá sí i.

Wọ́n ní kí n mí. Wọ́n ní Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ mi.

"Wọ́n ti gbin kaṣú dé ẹnu ọ̀nà ahéré, Bólúwají. Ilẹ̀ wo ni kí n fi í tú?"