Iná Abẹ́ Síńkì

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀! Díẹ̀díẹ̀, mo ní!"

Àǹtí Ìkòkò na ọwọ́ sókè, ó ń fi ìka júwe fún awakọ̀ kéréènì. Ẹ̀wọ̀n dún gìrìgìrì, àwọn òpó irin tó ti rì sínú síńkì yíyọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Dúdú ni wọ́n wọlé. Funfun ni wọ́n ń jáde bọ̀, wọ́n ń kọ mọ̀nà bí omi tí oòrùn ràn sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn náà pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kò sí àpá kankan lára ẹ̀!" ni awakọ̀ kéréènì ké láti òkè. "Àǹtí, ẹ lè wo ojú yín nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ fi lé tìróò!"

Ẹ̀rín pa Àǹtí Ìkòkò. Òun ni olórí àwọn tó ń ri irin bọ síńkì. Torí ìkòkò ńlá tó wà níwájú rẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀: àpótí irin gígùn kan tó kún fún síńkì yíyọ́, tí iná gáàsì ń jó lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Irin tó bá wọ inú rẹ̀ tó sì jáde, ó máa pẹ́ kó tó dípẹtà.

Òpó ọjọ́ náà kì í ṣe òpó lásán. Ilé-iṣẹ́ kan ló fẹ́ tẹ́ pátákó sólà sórí pápá kan tí ojú ò lè ká tán, òpó yìí ló sì máa gbé gbogbo wọn dúró. Ẹnikẹ́ni ò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún wọn rí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í lè dúró sójú kan bí inú rẹ̀ bá dùn, ti wá wo ìkòkò náà láàárọ̀ yẹn títí ó fi sú àwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un.

"Gbogbo ayé ló ń wá síńkì báyìí," ló ń wí, tó ń pàtẹ́wọ́. "Àwọn kan ń fi ṣe bátìrì. Àwọn oníṣègùn ń fi ṣe oògùn fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Àní ìpara tí wọ́n fi ń pa ìdí ọmọ-ọwọ́, síńkì ló wà nínú ẹ̀! Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wà á nílẹ̀ ò lè wà á bó ṣe wù wọ́n mọ́, ìjọba wọn ti ní àwọn ò fẹ́ ìdọ̀tí nínú odò. Ẹni tó bá ní síńkì nínú ìkòkò lónìí, wúrà ló ń sè!"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sè é jinná ná," ni Àǹtí Ìkòkò dá a lóhùn.

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ìró abẹ́ ìkòkò dákẹ́.

Ìró yẹn ti mọ́ wọn lára débi pé etí wọn kì í gbọ́ ọ mọ́. Dídákẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Àǹtí Ìkòkò bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sí ihò tí wọ́n fi ń wo iná. Iná ti kú. Ó sáré lọ síbi táǹkì gáàsì lẹ́yìn ilé, ó fọwọ́ gbá a lára, ó dún bíi garawa òfìfo. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ gééjì rẹ̀ ṣì dúró sí ìdajì. Ó fi ìka ta á, abẹ́rẹ́ náà sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó há ni!" ló figbe ta. "Irọ́ ni gééjì yìí ti ń pa fún wa!"

Ọ̀gá ti gbé fóònù sétí, ó ń bá àwọn tó ń ta gáàsì sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti fún pọ̀.

"Wọ́n ti ti afárá pa. Ọkọ̀ gáàsì wà lódìkejì. Wọ́n ní ó di ọ̀la."

"Ìkòkò ò ní dúró dọ̀la, Ọ̀gá."

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí nìdí. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí síńkì bá dì mọ́nú ìkòkò, ìgbà tí wọ́n bá tún dáná sí i ni yóò fẹ̀, tí yóò la ìkòkò náà. Ìkòkò irú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tò sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ránṣẹ́ lọ ṣe é ni, kó sì tó dé, àwọn tó ni òpó á ti kó ẹrù wọn lọ síbòmíràn.

"Ẹ ò gbọdọ̀ ri irin tútù kankan bọ̀ ọ́ mọ́!" Àǹtí Ìkòkò ti padà sínú gbọ̀ngàn. "Ẹ gbé ìdérí wá! Ẹ kó àwọn aṣọ nínípọn yẹn jáde, ẹ fi bò ó, ẹ má jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà sá lọ!"

Wọ́n ń sáré sókè sódò. Awakọ̀ kéréènì sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró tì í, ó ń wo ilẹ̀.

"Àǹtí, gáàsì wà nítòsí o. Ó kún inú ọkọ̀ táǹkì kan. Ẹ̀yin náà mọbẹ̀."

Ó mọbẹ̀ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ síńkì mìíràn wà ní òpin òpópónà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ló sì ni í. Agídí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Láìpẹ́ yìí, àwọn tó ń yẹ omi wò fún ìjọba wá, wọ́n rí i pé omi tó fi ń ṣan irin ń ṣàn tààrà wọnú odò pẹ̀lú síńkì àti ásíìdì. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ti gbọ̀ngàn ìkòkò rẹ̀ pa, títí yóò fi gbẹ́ kòtò tí wọ́n ti ń sẹ́ omi, irú èyí tó wà ní ilé-iṣẹ́ Àǹtí Ìkòkò. Àǹtí Ìkòkò wà lára àwọn tó dìde sọ̀rọ̀ nípàdé pé òfin náà dára. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bá a yan odì.

Àǹtí Ìkòkò ò bọ́ bàtà iṣẹ́, kò bọ́ épúrọ́ọ̀nù aláwọ. Ó ki eré mọ́lẹ̀.

"Màámi, kí ló ń lé yín?" ni onígbàjámọ̀ kan bi í láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Síńkì!" ló dá a lóhùn, kò dúró.

Agídí jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì, ó káwọ́ mọ́ àyà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ìjókòó." Èémí rẹ̀ ń lọ sókè lọ sódò.

Agídí wo ibòmíràn. "Ta ló ń kí mi?"

"Èmi ni. Iná ti kú lábẹ́ ìkòkò wa. Gáàsì tán."

Agídí yí ojú padà wéré. "Ó ti dì?"

"Kò tíì dì. A ti dé e."

"Ẹ ò tún ri irin bọ̀ ọ́?"

"A ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Àfi bíi pé ìgbà yẹn ló tó rántí pé ìjà wà nílẹ̀. Ó tún fajú ro. "Ìwọ lo lọ sọ láwùjọ pé òfin tó tì mí mọ́ta dáa. Lọ bá àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣèpàdé, kí wọ́n fún ẹ ní gáàsì."

"Mo sọ ọ́, bọ̀ọ̀dá mi. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, ohun kan náà ni màá sọ. Omi yẹn ò dáa, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Ẹ bú mi tó bá dìrọ̀lẹ́, màá jókòó, màá gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò yẹn ń tutù bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

Agídí wo bàtà iṣẹ́ ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, ó wo òógùn tó ń ṣàn lójú rẹ̀. Lójijì ló dìde.

"Ọmọ yìí! Láti kékeré lo ti ń fi ẹnu yẹn dá mi lágara!" Ó kọjú sí ọgbà. "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gáàsì wá! Kíákíá!"

Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà. Ó ń fọn fèrè, ó ń yọrí lójú fèrèsé, ó ń kígbe pé kí wọ́n yà lọ́nà, Àǹtí Ìkòkò sì di ìjókòó mú bí ẹni pé ọkọ̀ náà fẹ́ fò. Onígbàjámọ̀ ìṣáájú tún jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ẹni tó ń fá lórí lọ́wọ́ tẹ̀ lé e jáde, orí rẹ̀ ku apá kan.

Nínú gbọ̀ngàn, ojú ń kán wọn. "Síńkì ti ń di ìpẹ́ létí ìkòkò!" ni Ọ̀gá ké.

Wọ́n fa rọ́bà gáàsì dé ẹnu ẹ̀rọ iná. Kò wọ̀ ọ́. Ẹnu tọ̀hún fẹ̀ jù. Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Agídí ti dorí kodò sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, ó ń ju sípánà síta, ó ń ju àkísà síta, títí ó fi mú irin ìsopọ̀ kékeré kan jáde.

"Mo mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀!"

Òun àti àbúrò rẹ̀ jọ kúnlẹ̀. Òun dì í mú, Àǹtí Ìkòkò ń dè é. Wọ́n fi ìfófòó ọṣẹ pa oríkèé rẹ̀ láti mọ̀ bóyá gáàsì ń jò. Kò jò.

"Ṣí i," ni Agídí wí.

Iná gbà. Bùùù! Ìró náà gba abẹ́ ìkòkò kan láti ìkángun kan dé èkejì. Ariwo ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Awakọ̀ kéréènì ń jó, Ọ̀gá sì dì mọ́ Agídí, ó fi ẹ̀wù funfun rẹ̀ nu gbogbo gíríìsì ara rẹ̀.

Nígbà tí ooru padà bọ̀ sípò, tí òpó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, Agídí ò lọ. Ọwọ́ ń yún un. Ó gba ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá eérú kúrò lójú síńkì lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ní wọn ò mọ̀ ọ́n gbá.

"Ọ̀gá," ni Àǹtí Ìkòkò wí, "òpó yìí ju agbára wa lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ọ̀dá mi ń jókòó lásán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán níbí, títí wọ́n á fi gbẹ́ kòtò tiwọn tán."

"Ta lá máa pàṣẹ fún wọn?" ni Agídí bi í, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n gbogbo omi tẹ́ ẹ bá lò á gba inú kòtò kọjá o."

"Mo ní kó má gbabẹ̀ ni?"

Ọ̀gá ti ń mi orí pé òun gbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Àǹtí Ìkòkò bọ́ ìbọ̀wọ́, ó so épúrọ́ọ̀nù kọ́. "Bọ̀ọ̀dá mi, ó dọwọ́ yín. Mo ń lọ sílé."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó dé géètì. Ó dúró díẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó ń ṣe é bíi kó padà lọ wo iná lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò padà. Ó já sí òpópónà, ó rọra ń rìn lọ.