Òwú Elésè Àlùkò

Ìyá aránṣọ mọ ọpẹ́ dá ju bó ti yẹ lọ. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá dìde lórí àga, àfi kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àga kó tó gbẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé yẹn, níwájú akọ̀wé ọ́fíìsì káàdì ìdánimọ̀, ọpẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

"Màmá, nọ́ńbà yín ni mo tẹ̀, orúkọ yín náà ló gbé jáde," ni akọ̀wé náà wí. "Ṣùgbọ́n ojú yín kọ́ ló wà níbẹ̀, ìka yín ò sì bá a mu. Kọ̀ǹpútà ní ẹ wá lóṣù tó kọjá, ẹ ya fọ́tò, ẹ tẹ̀ka, ẹ gba káàdì tuntun, ẹ tún pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù."

"Èmi kẹ̀? Láti oṣù tó kọjá, ṣebí orí máṣíìnì ni mo wà!"

"Ohun tó wà níbí ni mò ń kà fún yín o, màmá."

Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá bí wà lókè òkun, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un láti gbé ọmọ inú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Jimọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ ọmọ náà wà lójú agbami, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń bá ṣiṣẹ́. Láìsí ìdánimọ̀ tó bára mu, ìyá ò ní wọ bàálù, ọmọ rẹ̀ yóò sì dá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ bí ẹni tí kò ní èèyàn.

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kò yẹ kí n ṣe eléyìí o," ló wí, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ìyá. "Ṣé ẹ mọ obìnrin yìí?"

Gíláàsì ńlá wà lójú obìnrin inú fọ́tò náà, irun sì bo ìdajì iwájú orí rẹ̀. Ìyá aránṣọ wò ó títí, kò dá a mọ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn aṣọ ni ó fa ara mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ọmọ mi, ẹ bá mi jẹ́ kó tóbi sí i. Ibi ọrùn yẹn."

Akọ̀wé tẹ nǹkan, ọrùn aṣọ náà sì kún ojú kọ̀ǹpútà. Aṣọ búlúù ni, òwú búlúù ni wọ́n fi rán an, àfi ibi kékeré kan lápá òsì tí òwú ibẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Òwú búlúù ló tán mọ́ ìyá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń rán an, ló bá fi èyí tó wà nílẹ̀ parí rẹ̀, ó ní ta ni yóò rí i.

"Mi ò mọ ojú rẹ̀ o," ni ìyá wí, "ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló rán aṣọ yẹn."

Ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ìwé ìwọ̀n. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fi dandan lé e pé kó máa fi pín-ìn-nì gún èérún aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan àti òwú tó fi rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà yẹn, ó máa ń kùn pé ìyà lásán ni. Ó wá rí èérún aṣọ búlúù náà pẹ̀lú òwú méjì, ó di ìwé náà mọ́ àyà. "Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun o. Ọlọ́run á tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere."

Àǹtí Kíákíá ló ni ìwọ̀n náà. Orúkọ tí ìyá fún un nìyẹn, nítorí gbogbo aṣọ rẹ̀, ọ̀la ló ń fẹ́ ẹ. Ìgbà náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé ìyá. Lọ́jọ́ tó ń wọn ìṣẹ́tí aṣọ náà, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, pín-ìn-nì kún ẹnu rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì ń dún ṣáá, nítorí ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò káàdì tí yóò fi rìnrìn-àjò lọ bá ọmọ rẹ̀, ọ́fíìsì káàdì sì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí i. Ló bá nawọ́ fóònù sí Àǹtí Kíákíá pé kó bá òun wò ó. Orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀, kóòdù, gbogbo ohun tí obìnrin náà kà sókè bi í, orí ló ń mì sí i. Àṣé ó ti fi orí mímì gbé ara rẹ̀ fún olè.

Ó gbé ìwé náà padà lọ bá akọ̀wé, ẹni tó mú un lọ bá ọlọ́pàá obìnrin kan. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, Àǹtí Kíákíá wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wá wọ aṣọ rẹ̀ kejì wò. Ọlọ́pàá náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lódìkejì títì, láìwọ aṣọ iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù tí olè náà fi sínú kọ̀ǹpútà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ má mira o, pín-ìn-nì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín," ni ìyá wí. Bó ti ń sọ ọ́, ó gún un.

"Yéè! Màmá, kí ló dé?"

"Ẹ má bínú, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Ó kó pín-ìn-nì tó kù sẹ́nu, ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó gbé aṣọ funfun kan kọ́ ọ, àmì tí òun àti ọlọ́pàá ti jọ ṣe àdéhùn lé. Kò pẹ́ tí fóònù kan dún nínú báàgì Àǹtí Kíákíá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sétí, kíákíá."

Ìyá gbé e sí i létí. Ohùn ọlọ́pàá pe orúkọ kan nínú fóònù náà ketekete: orúkọ tí bàbá ìyá aránṣọ sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ìdílé ọkọ rẹ̀.

"Èmi ni," ni Àǹtí Kíákíá dáhùn. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Igbe dé ọ̀fun ìyá, pín-ìn-nì inú ẹnu ni kò jẹ́ kó jáde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ pín-ìn-nì nínú ọkàn rẹ̀. Bí ọlọ́pàá ṣe ń wọlé, Àǹtí Kíákíá fẹ́ sá, ṣùgbọ́n láti abíyá dé orúnkún ni pín-ìn-nì wà, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gbé ló ń gún un.

Ìyá tu pín-ìn-nì sí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ rọra o. Aṣọ náà ò tíì parí."

Wọ́n bá káàdì náà nínú báàgì. Lọ́jọ́bọ̀, akọ̀wé ò lọ jẹun ọ̀sán, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ojú ìyá àti ìka rẹ̀ fi padà sí àyè wọn. Ìyá dúpẹ́ títí akọ̀wé fi ní, "Màmá, ó ti tó." Ló bá rí i pé bọ́tìnnì kan ti já lọ́wọ́ ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé. Ó yọ abẹ́rẹ́ jáde, ó gbá a mú lọ́wọ́, ó rán bọ́tìnnì mọ́ ọn níbẹ̀, níwájú gbogbo èrò. Òwú elésè àlùkò ló lò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ní pápákọ̀ òfuurufú, òṣìṣẹ́ ẹnubodè gbé ìwé ìrìnnà àti káàdì ìyá sórí ẹ̀rọ, ó sì pe orúkọ rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó tún un pè.

"Èmi ni," ni ìyá wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń lọ bá ọmọ rẹ̀.