Ohun Tí Miran Ń Fi Sínú Ọbẹ̀

…àti pé ta ló ní kó fọwọ́ kan ìkòkò mi? Ewé òkun tí mo rẹ sómi lánàá, èmi ni mo já a lára àpáta, pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí. Mo jí, mo lọ wo abọ́ — òfìfo. Ó ti gbé e. Ó ti ń sè é. Òun. Miran. Ìyàwó ọmọ mi.

Lónìí, ọjọ́ ìbí Gyutae ọmọ mi! Níbí, ìyá tó rọbí ló ń se ọbẹ̀ ewé òkun ọjọ́ ìbí. Ṣé òun ló bí i ni?

Mo lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi bí olè, nínú ilé ara mi, mò ń gbọ́ ọ̀bẹ rẹ̀ lórí pákó. Aáyù nìyẹn. Ó ń gé e nípọn jù.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ìdajì inú ọmọ mi sọnù nítorí jẹjẹrẹ, ọbẹ̀ mi kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ṣíbí méjì, á bì í. Ti Miran ńkọ́? Á mu ún tán, á tún fi ìka nu abọ́. Miran á ní, "Màmá, ẹ má bínú, iyọ̀ tiyín ló pọ̀." Iyọ̀! Iyọ̀ tí mo fi wò ó dàgbà…

Kì í ṣe iyọ̀. Ohun tó ń fi sí i ni.

Ọ̀mọ̀wé ni Miran, ní ìlú Busan. Ewé tí mo bá já ló ń dì lọ sí yàrá ìwádìí, á fún omi yíyọ̀ ara rẹ̀ jáde, á dà á lé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Gbogbo etíkun ló ti gbọ́. Okbun ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń mòòkùn já ewé òkun láti ìgbà ọmọge, kò jẹ́ kí n sinmi: "Orí ẹ mà dáa o! Ìyàwó ẹ ló máa wo ọmọ ẹ sàn. Ìwọ ṣáà máa já ewé lọ." Kí n máa já ewé lọ. Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rín in, inú mi ń ta bí ata.

Owú ni. Ó dáa, mo ti sọ ọ́, owú ni. Àgbàlagbà bíi tèmi… ta ló ń bá ìyàwó ọmọ ẹ̀ ṣe orogún?

Mo ti bẹ̀ ẹ́ rí. "Ìyàwó, fún ọkọ ẹ lára nǹkan yẹn." Ó wo ilẹ̀. "Màmá, inú abọ́ gíláàsì ló ti ń ṣiṣẹ́. A ò tíì dán an wò lára èèyàn." Irọ́! Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ń fún un ní kọ̀rọ̀ ni, kó lè jẹ́ pé bí ọmọ mi bá yè, òun nìkan ló…

Ọ̀bẹ dákẹ́. Ó yá. Ìgò oògùn rẹ̀ ló kàn. Tó bá ṣí i báyìí, màá já wọlé, màá ní, "Ọwọ́ tẹ̀ ọ́!" Mo fojú sí àlàfo ilẹ̀kùn.

Kò sí ìgò. Abọ́ ìrẹsì kan. Omi tútù. Abọ́ ọbẹ̀ kan. Ó ń tò wọ́n sí igun ilé, níbi tí mo máa ń tò wọ́n sí fún Ìyá Àgbà, òrìṣà tó ń fúnni lọ́mọ tó sì ń ṣọ́ wọn. Miran tó máa ń bi mí pé, "Màmá, ta ló máa wá jẹ ìyẹn?" Ó kúnlẹ̀. Ó ń ra àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ àdúrà náà. "Ẹ jọ̀ọ́," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹni tó ní oògùn lápò kì í ra ọwọ́ báyìí.

Kò ní nǹkan kan. Òótọ́ ló sọ. Iyọ̀ náà ni — iyọ̀ mi ló pọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo bíi tèmi, a ti dọ́gba. Kí ló dé tí kò dùn?

Mo fẹ́ kó ní oògùn náà. Owú yẹn ni mo ti gbára lé láti ọjọ́ yìí… Kó ní i, kó fi pamọ́ fún mi, kó jù mí lọ, kí Okbun máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kí n máa jowú rẹ̀ títí n ó fi kú — kí ọmọ mi ṣáà ti wà níbẹ̀, kó máa fi ìka nu abọ́.