Ẹran Tó Dojú Bolẹ̀

Kí oòrùn tó yọ ni Hatsue ti gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kaná. Ẹran aláwọ tó lọ́ràá ni, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bọ̀, kí wọ́n tó fi omi sóyà, ṣúgà àti ọtí ìrẹsì sè é jẹ́jẹ́ títí yóò fi máa yọ́ lẹ́nu. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń sè é nínú ilé ìdáná yìí, fún àwọn àlejò tó ń wọkọ̀ ojú omi wá láti ìlú Naha kí wọ́n lè wẹ̀ lókun, kí oòrùn sì sun wọ́n pọ́n bí edé. Wọn á ti etíkun dé pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀, ebi á ti gbo wọ́n. Wọn á tọ́ ejìnrìn tó fi ẹyin àti wàrà sóyà dín wò, wọn á fajú ro, wọn á tún bù sí i.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ òní kì í ṣe ti àlejò etíkun. Morinobu àbúrò rẹ̀ ló ní kó sè é. Morinobu ń ta ilé náà fún àwọn tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́sàn-án láti wá tẹ òǹtẹ̀, tó dúró fún ìbuwọ́lùwé, sí ìwé. Ó ní kí Hatsue di àpótí oúnjẹ kan fún wọn, bí ìyá àwọn ṣe máa ń dì í lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ẹ wo ayé lóde. Wọ́n ń ta ilé mọ́ èèyàn lórí, wọ́n tún ní kó wá se àsè rẹ̀.

Ta ni kó dá lẹ́bi? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí ìyá wọn kú, Morinobu ti ìlú Osaka tó ń gbé mú ìwé kan wá, pé kí ẹ̀gbọ́n òun yọwọ́ nínú ogún. Òfin ìjọba ní ìdajì ni tirẹ̀. Àmọ́ ní erékùṣù wọn, pátákó tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òkú ìdílé sí, ọkùnrin ní í gbà á, ilé sì ń tẹ̀lé pátákó. Obìnrin tó bá di pátákó mú, wọ́n á ní ó ń fa ibi wọlé. Ẹ̀rù kò tilẹ̀ ba Hatsue. Ó rò pé ẹni tó bá gba orúkọ àwọn baba rẹ̀ kò ní ta òrùlé orí wọn. Oṣù méje péré lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì dé.

Ìyá Kamado, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bó kókò.

“O ò sunkún?” ló bi í.

“Ẹkún kí ni mo fẹ́ sun, Ìyá? Ẹ̀ ń bó kókò yẹn nípọn jù.”

“Fi kókò sílẹ̀. Ṣé o ti bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ ṣá?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní òun á bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n gbà mí síṣẹ́, kí n máa tẹ́ ibùsùn.”

“Ìwọ tó o pọ̀n ọ́n dàgbà. Pátákó ńkọ́?”

“Ó ń gbé e lọ sí Osaka. Ó ní kò sáyè ní pálọ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa wà.”

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. “Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.”

Hatsue gé ẹran náà, ó gbé àpótí pupa tó ń dán sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to oúnjẹ sínú rẹ̀.

Kò sí ọmọ erékùṣù náà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń to àpótí. Bó bá jẹ́ ti ìdùnnú, awọ ẹran á kọjú sókè, wọn á ta konbu, ewé òkun dúdú nì, ní kókó, ẹja gígún tí wọ́n pa láró pupa ni wọ́n á sì tò tì í. Bó bá jẹ́ ti òkú, awọ á dojú bolẹ̀, konbu kò ní ní kókó, ẹja gígún á funfun. Ìyá wọn kì í fi èyí ṣeré. Nígbà tí Morinobu wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó to ẹran lódì sínú àpótí ọdún tuntun, ìyá fi orógùn gbá a lọ́wọ́, ó bi í bóyá ó fẹ́ pa ará ilé ni. Ẹ̀yìn Hatsue ló sá sí.

Ìyá Kamado rí i tó ń yí ẹran dojú bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Ilé ni.”

“Hatsue.”

“Ó máa mọ̀, Ìyá. Tó bá ti mọ̀, ojú á tì í. Tójú bá ti tì í, kò ní lè tẹ òǹtẹ̀ yẹn níṣojú mi.”

“Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí,” ni Ìyá Kamado wí, ó sì mú kókò mìíràn. “Ọmọlúàbí ni wọ́n wí o. Wọn ò dárúkọ Morinobu.”

Ọ̀sán pọ́n, àwọn olówó dé. Kuwabara ni olórí wọn ń jẹ́, ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Wọ́n kọ́kọ́ rìn lórí iyanrìn, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n ń nàka síbi tí wọ́n máa gbẹ́ odò ìwẹ̀ sí. Odò ìwẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun! Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá jókòó sórí ẹní nínú yàrá tó kọjú sómi. Hatsue kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíì.

Morinobu ṣí àpótí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìdérí. Hatsue rí i tí ojú rẹ̀ lọ sórí ẹran, tó bọ́ sórí konbu, tó dé orí ẹja funfun. Etí rẹ̀ pọ́n, bó ṣe máa ń pọ́n láti kékeré bí wọ́n bá ká a mọ́. Ó ti dé inú rẹ̀, ni Hatsue ń wí sínú. Ó kù kó dìde.

Morinobu mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń jẹun. Ó mú ègé ẹran àkọ́kọ́, ó yí i, ó gbé e síwájú Kuwabara pẹ̀lú awọ lókè. Ó yí ìkejì. Ó yí ìkẹta. Ó ti ẹja funfun sábẹ́ kókò díndín, kò sì bu konbu fún ẹnì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ gbogbo konbu náà tán, wéré wéré, kò gbójú sókè.

“Ta ló se èyí?” ni Kuwabara bi í. “Kò sóhun tó dùn tó o ní gbogbo erékùṣù yìí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ẹ má wo bí wọ́n ṣe tò ó o, ọjọ́ orí ti ń dé sí wọn, nǹkan ti ń dàrú mọ́ wọn lójú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ká ní Morinobu ti gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀ ni, ká ní Osaka ti fọ orí rẹ̀ mọ́, Hatsue ì bá dárí jì í.

“Àǹtí mi,” ni Morinobu wí, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ọmọ tó gbẹ̀kọ́, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú òǹtẹ̀ wá. Ó wà níwájú pátákó.”

Ó lọ mú un. Níwájú àlejò, kí ni ì bá tún ṣe? Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì padà sí ilé ìdáná.

Ìyá Kamado ti bó kókò tán. “Ó mọ̀?”

“Ó mọ̀, Ìyá.”

Arúgbó náà ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀. Hatsue bu omi sínú ìkòkò ẹran, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.